Òfin Ìdìbò àti Ẹlẹ́yàmẹ̀yà: Báwo Ni A Ṣe Ń Dá Òfin Tí Ó Ń Ti Ènìyàn Síta Mọ̀?

Bí ènìyàn bá dé Àgọ́-Àrẹ ní àsìkò tí ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà, kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ àríyànjiyàn kan tí kì í tán ní agbègbè Òkè-Ògùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko, bí àwọn àgbà bá jókòó sábẹ́ igi, ẹnìkan yóò béèrè bóyá ó tọ́ kí àwọn àlejò máa bá onílùú dìbò. Àwọn wo ni àlejò náà? Àwọn Tiv àti Ìgèdè tí wọ́n wá láti Bẹ́núé wá ṣiṣẹ́ oko, àwọn Fúlàní tí wọ́n ti ń da màlúù káàkiri igbó wa láti ayé àwọn bàbá wọn, àti àwọn Ìbàrìbá tí ilé wọn kò jìnnà sí ibodè. Ẹnìkan yóò ní ọmọ Nàìjíríà kan kò ju ọmọ Nàìjíríà kan lọ. Ẹlòmíràn yóò fèsì pé bí a kò bá ṣọ́ra, àlejò ni yóò máa yan alága fún wa.

Ṣùgbọ́n nínú agboolé kan náà, ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà ní Atlanta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí àbúrò rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí àwọn wọ̀nyí bá tẹ ilé láago, ẹjọ́ tiwọn yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé òfin ìdìbò tuntun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fẹ́ gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ó jẹ́ onílùú ní Àgọ́-Àrẹ ni ó di àlejò ní Atlanta yìí. Bí a bá gé igi nínú igbó, kí á fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lónìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa: kí ni ó ń sọ òfin ìdìbò di òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà?

Ọ̀nà méjì tí òfin ń gbà ti ènìyàn síta

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí òfin dárúkọ ẹni tí kò fẹ́. Irú èyí kò ṣòroó dá mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilẹ̀ South Africa, níbi tí òfin ti sọ gbangba pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ dìbò yan ìjọba orílẹ̀-èdè, títí di oṣù kẹrin ọdún 1994 tí gbogbo ènìyàn tò sórí ìlà tí wọ́n sì yan Nelson Mandela.

Ọ̀nà kejì ni ó ń fa àríyànjiyàn. Òfin náà kò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Ó kàn béèrè ohun kan lọ́wọ́ gbogbo olùdìbò: owó, ìwé ẹ̀rí, ìmọ̀ ìwé, tàbí ìrìn-àjò. Gbogbo ènìyàn ni ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní in. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ibí yìí ni àwọn amòfin ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní a kò lè pe òfin ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà àyàfi bí a bá rí i pé èrò ibi ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ṣe é. Àwọn kejì ní ọkàn ènìyàn jìn, nítorí náà kí á wo àbájáde òfin náà: àwọn wo ni ó kù síta nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn?

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé wa

Kí á tó rékọjá òkun, ó yẹ kí á rántí pé ìdìbò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ jẹ́ ti àwọn díẹ̀. Òfin ìjọba tí Gómìnà Hugh Clifford gbé jáde ní ọdún 1922 fún ìlú Èkó ní aṣojú mẹ́ta, ó sì fún ìlú Calabar ní ẹyọ kan. Kò fún ibòmíràn ní nǹkan kan. Ní Èkó àti Calabar náà, ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti gbé ìlú náà fún oṣù méjìlá, tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò dín ní 100 pọ́n-ùn. Ní ayé ìgbà náà, owó ńlá ni 100 pọ́n-ùn. Akọ̀wé àgbà àti oníṣòwò ńlá lè ní in, ṣùgbọ́n apẹja àti alágbàṣe kò lè ní in láéláé.

Òfin yìí ni ó bí ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì kó àwọn ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó. Kò sí ibi tí òfin náà ti sọ pé tálákà tàbí àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ dìbò. Owó ni ó bá wọn sọ ọ́. Ní ọdún 1946 wọ́n dín owó náà kù sí 50 pọ́n-ùn, síbẹ̀ ará Àgọ́-Àrẹ kò tíì ní ohùn kankan níbẹ̀.

Ọdún 1951 ni ìdìbò tó dé gbogbo agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, kì í sì í ṣe ìdìbò tààrà. Àwọn ará ìlú ń yan aṣojú, àwọn aṣojú wọ̀nyí ni ó sì ń yan àwọn tí yóò lọ sí ilé ìgbìmọ̀. Ní àsìkò yìí kan náà, Olóyè Funmilayo Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ń jà kíkan-kíkan pé kí ẹ̀tọ́ ìdìbò jẹ́ ti gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1959 dé, obìnrin dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn àti ní Ìlà-Oòrùn, ṣùgbọ́n ní Àríwá, ọkùnrin nìkan ni òfin gbà láàyè. Àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀tọ́ yìí tó kan àwọn obìnrin Àríwá.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ẹ̀tọ́ ìdìbò kì í déédéé gbòòrò fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó wà níta ni ó máa ń kanlẹ̀kùn.

Amẹ́ríkà: láti orí ìdánwò dé orí káàdì ìdánimọ̀

Ní ọdún 1870, lẹ́yìn ogun abẹ́lé àti ìparí oko ẹrú, wọ́n fi kún ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé a kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara du ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Kí ni àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ṣe? Wọn kò dárúkọ àwọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí olùdìbò san owó-orí ìdìbò. Wọ́n ní kí ó ṣe ìdánwò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹni tí ó sì ń ṣe ìdánwò náà fún un ni yóò sọ bóyá ó yege. Nígbà tí wọ́n rí i pé òyìnbó tí kò kàwé náà yóò fìdí rẹmi, àwọn kan ṣe òfin bàbá-àgbà: ẹni tí bàbá tàbí bàbá-àgbà rẹ̀ bá ti ń dìbò kí òmìnira àwọn ẹrú tó fìdí múlẹ̀ kò ní ṣe ìdánwò. Ẹrú sì ni bàbá-àgbà àwọn aláwọ̀ dúdú ní àkókò náà. Ọdún 1915 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fagi lé òfin bàbá-àgbà yìí.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 1965, àwọn ọlọ́pàá na àwọn tí ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ìlú Selma, ìpínlẹ̀ Alabama, gbogbo ayé sì rí i lórí tẹlifíṣàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò. Òfin náà fòpin sí ìdánwò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní àwọn ibi tí wọ́n ti fi ń ni àwọn dúdú lára. Ó tún pàṣẹ pé àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti ní àbàwọ́n tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yí òfin ìdìbò wọn padà láì kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní Mississippi, kí òfin yìí tó dé, nínú 100 aláwọ̀ dúdú tí ó tó ìbò dì, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kò tó 7. Ní ọdún 1967, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60.

Ní ọdún 1980, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ẹni tí ó bá pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé èrò ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà lọ́kàn aṣòfin. Ọdún 1982 ni Kóńgírẹ́ẹ̀sì tún òfin náà ṣe pé àbájáde nìkan tó láti fi pe ẹjọ́. Ẹ rí i pé ìjà ọ̀nà méjì tí a sọ lókè náà ni èyí.

Ìjà náà tún gbóná ní oṣù kẹfà ọdún 2013. Nínú ẹjọ́ tí Shelby County ní Alabama pè, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án fagi lé ìlànà tí wọ́n fi ń mọ ìpínlẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Wọ́n ní ayé ti yí padà kúrò ní ti ọdún 1965. Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kò gbà fún wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tí ó ju agbòjò rẹ̀ nù nínú òjò nítorí pé òjò kò pa á. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba Texas kéde pé òfin káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ òfin náà, ìwé àṣẹ ìbọn tó láti fi dìbò, ṣùgbọ́n káàdì akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò tó.

Ní North Carolina, àwọn aṣòfin béèrè àkọsílẹ̀ bí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ṣe ń dìbò, lẹ́yìn náà ni wọ́n dín àwọn ọ̀nà tí àwọn dúdú ń lò jù lọ kù, pàápàá ìdìbò ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé òfin náà, ó ní àwọn dúdú gan-an ni wọ́n fojú sùn.

Ní Georgia, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, Gómìnà Brian Kemp fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kẹta ọdún 2021. Òfin náà béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi lẹ́tà dìbò, ó dín àpótí tí a ń ju ìbò sí kù ní àwọn ìlú ńlá, ó sì ka fífún àwọn tí ó tò sórí ìlà ní omi tàbí oúnjẹ léèwọ̀ ní àyíká ibùdó ìdìbò. Ààrẹ Joe Biden ní òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà àtijọ́ ni ó padà wá. Ìjọba rẹ̀ pe ẹjọ́ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ìjọba Donald Trump fà á sẹ́yìn ní ọdún 2025.

Kí ni àwọn tí ó fara mọ́ òfin wọ̀nyí ń sọ?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí á gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní èrú wà nínú ìdìbò, àti pé bí kò bá tilẹ̀ pọ̀, ó yẹ kí ará ìlú fọkàn balẹ̀ pé ìbò òun kò sọnù. Wọ́n ní ènìyàn ń lo káàdì ìdánimọ̀ ní báńkì àti ní pápákọ̀ òfurufú, kí ló dé tí kò ní lò ó níbi ìdìbò? Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ gba irú àlàyé yìí nínú ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Indiana. Ní ti Georgia, wọ́n ń tọ́ka sí i pé òfin kan náà fi ọjọ́ Sátidé kún ìdìbò ìṣáájú, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jáde dìbò ní ọdún 2022.

Àwọn alátakò fèsì pé bí ènìyàn bá fi agbára káká gun òkè, kò sọ pé òkè kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní iye àwọn tí ó dìbò kò fi hàn wá iye àwọn tí ó padà sílé láì dì í. Ìdáhùn yìí ní ìwúwo, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé gbogbo òfin tí ó béèrè ẹ̀rí jẹ́ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ibi tí káàdì náà ti jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ó sì súnmọ́ gbogbo ènìyàn, ẹ̀sùn náà kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ivory Coast

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan kí olùdìbò mú ìwé ìdánimọ̀ alááwòrán lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní England nínú ìdìbò ìbílẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àjọ elétò ìdìbò wọn ṣírò rẹ̀ pé ó kéré tán, nǹkan bí 14,000 ènìyàn ni wọ́n dá padà tí wọn kò sì padà wá mọ́. Káàdì ọkọ̀ tí àwọn àgbàlagbà fi ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà, ti àwọn ọ̀dọ́ kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí sì fa awuyewuye. Ṣùgbọ́n ìjọba ń fún ẹni tí kò ní ìwé kankan ní ìwé ẹ̀rí ìdìbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ ni pé ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tí ó péye lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà pàápàá wà lára ohun tí òfin náà gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ivory Coast ni ó yẹ kí ó kó gbogbo wa láyà sókè. Àwọn ará wa láti Èjìgbò àti ibòmíràn ti ń gbé ní Abidjan láti ìran dé ìran. Títí di ọdún 1990, àwọn àlejò láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń bá wọn dìbò níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, lábẹ́ Ààrẹ Henri Konan Bédié, òfin tuntun fi ìdìbò mọ sọ́dọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, ó sì ní ẹni tí ó bá fẹ́ du ipò ààrẹ, bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ Alassane Ouattara, kò sì dárúkọ àwọn ará àríwá. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àríwá bóyá ojúlówó ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, nǹkan bí 3,000 ènìyàn tún kú nínú rògbòdìyàn. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìlà kan nínú òfin ìdìbò ni ó parí sí ojú ogun.

Kí ni òfin tiwa sọ?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 77 àti 117, sọ pé ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọdún 18, tí ó sì ń gbé ní Nàìjíríà ní àsìkò ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 fi kún un pé ènìyàn lè forúkọ sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Kò sí onílùú àti àlejò nínú rẹ̀.

Abala 42 ni ó jinlẹ̀ jù. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ká ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ kò, ìbáà jẹ́ òfin ni ó sọ ọ́ gbangba, ìbáà jẹ́ bí a ṣe ń lo òfin náà ni ó mú un wá. Ẹ tún un kà. Ohun tí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ń bá ara wọn fà láti ọdún 1980 ni ìwé òfin tiwa ti dáhùn: kí á wo ọ̀rọ̀ òfin, kí á sì wo ìlò rẹ̀.

Bí a bá fi ojú yìí wo ìdìbò ọdún 2023, ìbéèrè pọ̀. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n ó lé ní mílíọ̀nù 6 káàdì tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, tí Àgọ́-Àrẹ jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, Tede ni olú-ìlú. Àgbẹ̀ tí ó bá ní láti lọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti forúkọ sílẹ̀, kí ó tún padà lọ gba káàdì, lè pàdánù ọjọ́ oko méjì àti owó ọ̀kadà. Òfin kò ní kí àgbẹ̀ má dìbò, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn lè bá a sọ ọ́.

Ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 2015, ẹ̀rọ tí ń ka káàdì kò rí ìka ọ̀pọ̀ ènìyàn kà, títí kan ti Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ ní Otuoke. Ìka ẹni tí ó ti ń di ọkọ́ mú láti ogójì ọdún kò lè ṣe kedere bí ti akọ̀wé. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n lò ní ọdún 2023 ń wo ojú bí ìka bá kọ̀, èyí sì fi hàn pé a lè dènà èrú láì ti àgbẹ̀ síta.

Ní Èkó, nínú ìdìbò gómìnà oṣù kẹta ọdún 2023, kì í ṣe òfin ni ó dá àwọn kan dúró. Àwọn olùṣọ́ ìdìbò jábọ̀ pé àwọn jàǹdùkú halẹ̀ mọ́ olùdìbò, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sì wọ̀ ọ́, pàápàá sí àwọn Ìgbò. Òfin tí ó dára lórí ìwé kò gba ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ìlà.

Ìbéèrè mẹ́rin tí a lè fi yẹ òfin wò

Bí òfin ìdìbò tuntun bá dé, níbikíbi láyé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní, ìṣòro wo ni ó fẹ́ yanjú, ṣé a sì ti rí ìṣòro náà rí? Èkejì, àwọn wo ni kò ní ohun tí ó ń béèrè? Ẹ̀kẹta, ṣé ìjọba ń fún wọn ní ohun náà lọ́fẹ̀ẹ́ àti nítòsí? Ẹ̀kẹrin, ṣé ojú kan náà ni òṣìṣẹ́ ibùdó fi ń wo gbogbo ènìyàn?

Kí á wá padà sábẹ́ igi ní Àgọ́-Àrẹ. Ọmọ Tiv tí ó ń gbé láàárín wa, tí ó ti pé ọdún 18, ní ẹ̀tọ́ ìdìbò bí ọmọ onílùú. Fúlàní tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ní in pẹ̀lú. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò ní in, ìbáà tilẹ̀ máa sọ Yorùbá ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú tàbí ahọ́n mọ ìyẹn, nítorí pé Yorùbá wà níhìn-ín, Yorùbá wà lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Ìbàrìbá. Ẹ̀rí tí a bá béèrè lọ́wọ́ Ìbàrìbá ni kí á béèrè lọ́wọ́ ọmọ onílùú. Bí a bá béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnìkan nítorí ilà ojú rẹ̀, tí a sì jẹ́ kí ẹnìkejì kọjá nítorí pé a mọ bàbá rẹ̀, òfin bàbá-àgbà ti Amẹ́ríkà ni a tún gbé dìde ní Òkè-Ògùn.

Ọmọ wa tí ó wà ní Atlanta ń retí pé kí àwọn onílùú ibẹ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún òun. Àwọn òbí ọmọ Tiv tí ó wà ní Àgọ́-Àrẹ náà ń retí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní Bẹ́núé.